Ìkànnì ayélujára fún òwò kékeré: ìṣètò àti ìpolówó rẹ̀

Ìkànnì òwò kékeré ni àkójọ ojú-ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọlọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ fi ń sọ ohun tó ń tà, iye tó ń tà á, ibi tó wà àti bí oníbàárà ṣe lè sanwó. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ojú-ewé Facebook tàbí Instagram ni pé ọlọ́jà ló ni ín. Wọ́n lè ti àkáǹtì Instagram pa lóru ọjọ́ kan, kí gbogbo oníbàárà inú rẹ̀ sì bá a lọ. Ìkànnì tí a fi orúkọ ara ẹni gbà kì í lọ bẹ́ẹ̀, bí a bá ti ń san owó rẹ̀ lásìkò.

Ọlọ́jà àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ náà mu: aṣọ méjì kì í jọra délẹ̀, àwọ̀ ló ń tà á, oníbàárà rẹ̀ sì lè wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní London.

Ìbéèrè oníbàárà ni ìpìlẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ tàbí àmì ìdánimọ̀, kí ọlọ́jà fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ gbogbo ohun tí oníbàárà bá béèrè sílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù àti lórí WhatsApp. Fún àdìrẹ, wọn kì í pọ̀: Èló ni? Ọ̀pá mélòó ni? Ṣé aró rẹ̀ kì í yọ? Báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́? Ọjọ́ mélòó ló máa fi dé Èkó? Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn ńkọ́? Ìdáhùn sí ìwọ̀nyí ni ìkànnì. Ojú-ewé márùn-ún sábà máa ń gbà á: ojú-ewé àkọ́kọ́, ọjà, ìtàn ṣọ́ọ̀bù, ìfiránṣẹ́ àti ìdápadà, àti bí a ṣe ń kàn sí ọlọ́jà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n san owó ojú-ewé ogún nígbà tí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò kún mẹ́ta. Àwọn yòókù á wà lófìfo títí ọdún á fi yí po, oníbàárà tó bá sì já síbẹ̀ á rò pé ṣọ́ọ̀bù náà ti kógbá sílé.

Iye owó ni kí a má fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń kọ ọ́ pé kí oníbàárà fi ìròyìn ránṣẹ́ kó tó mọ iye, nítorí wọn kò fẹ́ kí alábàádíje rí i. Alábàádíje ti mọ iye náà tẹ́lẹ̀, ó kàn rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹni tó jìnnà ni kò mọ̀ ọ́n, òun náà ló sì ń kúrò láìsọ nǹkan kan.

Orúkọ, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀

Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì tó parí sí .ng ní Nàìjíríà ni NiRA. A kì í gbà á lọ́wọ́ wọn tààrà, àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ ló ń tà á. Èyí tó parí sí .com.ng kò wọ́n tó .ng lásán. Ti Benin ni .bj, ti Togo sì ni .tg. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ pọ̀ lókè òkun sábà máa ń mú .com.

Orúkọ tó dára ni èyí tí a lè sọ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹni tó gbọ́ ọ sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Kí a dán an wò lọ́dọ̀ ènìyàn mẹ́ta kí a tó sanwó. Kí a yẹra fún àmì ìdàpọ̀ (-) àti fún nọ́ńbà. Àmì ohùn náà kò yẹ níbẹ̀: bí a bá gba orúkọ tó ní ẹ̀ tàbí ọ́ nínú, kọ̀ǹpútà á yí i padà sí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, tí ojú kò lè kà. Nínú orúkọ ìkànnì nìkan lèyí o. Nínú àpilẹ̀kọ ojú-ewé, kí Yorùbá wọ aṣọ rẹ̀ pé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òwò ti ṣubú ni pé ẹni tó kọ ìkànnì náà ló gba orúkọ, pẹ̀lú ímeèlì tirẹ̀. Bó bá rìnrìn àjò tàbí tí ìjà bá dé, orúkọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́jà kò sì lè gbé e lọ síbòmíràn. Ímeèlì ọlọ́jà àti fóònù rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí àkáǹtì náà láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà mẹ́ta wà nínú ìwé tó pamọ́: ti orúkọ, ti ibùgbé ìkànnì, àti ti inú ìkànnì fúnra rẹ̀.

Bí ọjọ́ orúkọ .com bá pé láìsanwó, ilé-iṣẹ́ tó tà á lè fi ọjọ́ díẹ̀ kún un, kò gbọ́dọ̀ ju 45 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọgbọ̀n ọjọ́ tí a ṣì lè rà á padà pẹ̀lú owó ìtanràn tó wúwo, lẹ́yìn náà ọjọ́ márùn-ún, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a mú. Ohun tó sábà ń fà á kì í ṣe àìlówó. Káàdì tí a fi sanwó lọ́dún tó kọjá ti kú, ímeèlì tí ìkìlọ̀ ń lọ sí kò sì sí ẹni tó ń ṣí i mọ́. Kí a kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà ní 60 ọjọ́ ṣáájú.

Ibùgbé ìkànnì, ìyẹn àyè tí a ń háyà lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀), kò nílò ohun ńlá fún ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ohun mẹ́ta ni kí a béèrè: ṣé wọ́n ń fún ni ní ìwé-ẹ̀rí HTTPS (tó ń dáàbò bo ohun tí oníbàárà bá tẹ̀ sórí ìkànnì) láìgba owó kún un, ṣé wọ́n ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ lójoojúmọ́, ṣé ènìyàn máa ń gbé fóònù wọn? Láti oṣù Keje 2018 ni Chrome, aṣàwákiri tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣí ìkànnì, ti ń kọ ọ́ sójú ìkànnì tí kò ní HTTPS pé kò láàbò. Ìwé-ẹ̀rí ọ̀fẹ́ ti Let's Encrypt kì í lò ju 90 ọjọ́ lọ, ó sì yẹ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tí kò bá ṣe é, ìkìlọ̀ pupa ni oníbàárà á kọ́kọ́ rí.

Ọ̀rọ̀ ojú-ewé

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tó ń kiri ní àdúgbò ti yanjú ìṣòro tó ń da ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìkànnì láàmú. Nígbà tó bá ké pé "Láńgbé jiná o!", ọjà ló kọ́kọ́ dárúkọ, ó wá sọ bó ṣe wà. Kò sọ orúkọ ara rẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni káàbọ̀. Àkọlé ojú-ewé náà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. "Káàbọ̀ sí ìkànnì wa" kò sọ nǹkan kan fún Google tàbí fún oníbàárà. "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn, ọ̀pá 5, Ìtòkú Abẹ́òkúta" sọ gbogbo rẹ̀, kò sì ju nǹkan bí 60 lẹ́tà tí Google sábà máa ń fi hàn kó tó gé e.

Ojú-ewé kan, ọjà kan. Kí ẹlẹ́kọ ní tirẹ̀, kí oníko ní tirẹ̀, nítorí ẹni tó ń wá aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí kò wá èyí tí wọ́n fi ìko dì. Kí àpèjúwe sọ ohun tí ọwọ́ àti ojú lè mọ̀: irú òwú tó jẹ́, ìbú rẹ̀, bóyá ẹ̀lú ni wọ́n fi pa á láró tàbí aró òyìnbó, àti ohun tó wà lára àwòrán rẹ̀. Lára Ìbàdàndùn, ìyẹn irú àwòrán àdìrẹ kan, òpó gbọ̀ngàn Màpó wà níbẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó náà. Gbólóhùn kan bí èyí ń ta aṣọ ju "ojúlówó tó dára jù lọ" lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n bá ń wá nǹkan lórí fóònù, òmíràn á sì fi Gẹ̀ẹ́sì wá a. Nítorí náà kí "àdìrẹ ẹlẹ́kọ" wà lójú-ewé, kí "adire eleko" wà nínú àdírẹ́sì ojú-ewé àti nínú orúkọ fáìlì àwòrán.

Àwòrán

Àwòrán tí fóònù 12 mẹgapíksẹ́ẹ̀lì yà jẹ́ 4,000 sí 3,000 píksẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), ó sì lè wúwo tó MB mẹ́ta sí márùn-ún. Mẹ́wàá irú rẹ̀ lójú-ewé kan lè sún mọ́ MB 40 nínú dátà oníbàárà. Kò ní dúró dè é. Kí a dín ìbú rẹ̀ kù sí 1,200, kí a fi pamọ́ bíi fáìlì WebP tàbí JPEG, kó má ju KB 200 lọ. Nínú ìdíwọ̀n Google, ohun tó tóbi jù lójú-ewé gbọ́dọ̀ ti hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.5. Kí a kọ ìbú àti gíga àwòrán sínú kóòdù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú-ewé á máa fò bí àwòrán ṣe ń dé, oníbàárà á tẹ ohun tí kò fẹ́ tẹ̀.

Aró ẹ̀lú ṣòroó yà. Iná fóònù máa ń sọ ọ́ di dúdú, gílóòbù pupa máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò. Abẹ́ ìbòòji ní òwúrọ̀ ló dára jù, kí a fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ nínú àwòrán àkọ́kọ́ kí a lè fi tún àwọ̀ àwọn yòókù ṣe. Àwòrán mẹ́ta tó: odidi aṣọ, ibi kan tí a sún mọ́ tí òwú rẹ̀ hàn, àti aṣọ náà lára ènìyàn. Aṣọ tí wọ́n dá padà nítorí pé "kì í ṣe àwọ̀ tí mo rí nìyí" ń jẹ èrè aṣọ mìíràn.

Sísanwó àti fífi ọjà ránṣẹ́

Paystack àti Flutterwave ni ọ̀pọ̀ ìkànnì Nàìjíríà ń lò láti gba káàdì àti tránsífà. Paystack ń ka owó ní kọ́bọ̀. Aṣọ ₦5,000 gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn bíi 500000. Bí ẹni tó kọ ìkànnì bá gbàgbé láti sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ₦50 ni wọ́n á gbà lọ́wọ́ oníbàárà, aṣọ á sì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Paystack máa ń fún ìkànnì ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àwọn lẹ́tà tó fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pk_test_ tàbí sk_test_ jẹ́ ti ìdánwò, owó gidi kì í wọlé níbẹ̀. Kí a pààrọ̀ méjèèjì lọ́jọ́ ìṣílé. Èyí tó ní sk_ níwájú kò gbọ́dọ̀ hàn nínú kóòdù tí aṣàwákiri oníbàárà lè rí. Kí a má fi ọ̀rọ̀ "owó ti wọlé" tó hàn lójú oníbàárà ṣe ẹ̀rí. Kí sáfà béèrè lọ́dọ̀ Paystack fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó di aṣọ.

Fún ìfiránṣẹ́ sókè òkun, kì í ṣe ìwúwo nìkan ni wọ́n ń wò. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe ìṣirò gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, wọ́n á pín in sí 5,000, wọ́n á sì gba owó èyí tó pọ̀ jù. Páálí 40 × 30 × 20 di kílò 4.8, bí aṣọ inú rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́ta péré. Àpò tó fún mọ́ aṣọ sàn ju páálí lọ.

Orúkọ òwò tó wà lábẹ́ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ni kó wà lójú-ewé. Ẹni tó ń gba orúkọ, fóònù àti àdírẹ́sì oníbàárà wà lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023, nítorí náà kó sọ ohun tó ń fi wọ́n ṣe.

Pípolówó ìkànnì

Google Business Profile ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù sórí máàpù, ọ̀fẹ́ sì ni. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù gan-an ni kó wà níbẹ̀. Bí a bá fi "àdìrẹ tó dára jù ní Abẹ́òkúta" kún orúkọ, Google lè dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ọjà kò ní nọ́ńbà, nítorí náà kí ọlọ́jà dúró ní ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀ kó fi àmì máàpù síbẹ̀. Ó yẹ láti bẹ oníbàárà pé kó kọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n Google kò gbà kí a fi ẹ̀dínwó rà á.

Lẹ́yìn náà ni Google Search Console, níbi tí a ti ń fi àtòkọ ojú-ewé hàn wọ́n. Nínú WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ ìkànnì, àtòkọ náà wà ní wp-sitemap.xml. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí ojú-ewé kankan kò hàn, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní wíwò ni àpótí kan nínú ètò WordPress tó ń sọ fún ẹ̀rọ ìwárí pé kó má wọlé. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà ìkọ́lé, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

WhatsApp ni ọjà ti ń parí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjápọ̀ rẹ̀ ni wa.me/ tí nọ́ńbà tẹ̀ lé: 234 ni kó bẹ̀rẹ̀, láìsí àmì ìròpọ̀, láìsí òdo iwájú. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 á kọ 23480. Bí òdo náà bá wà níbẹ̀, ìjápọ̀ náà kò ní já síbi kankan, ọlọ́jà á sì máa rò pé kò sẹ́ni tó ń wá òun. Àwòrán tó ń hàn nígbà tí a bá fi ojú-ewé ránṣẹ́ sórí WhatsApp tàbí Facebook yẹ kó jẹ́ 1,200 sí 630 píksẹ́ẹ̀lì.

Ìpolówó tí a ń sanwó fún kò yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí. Bó bá tó àsìkò, kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré fún ọjọ́ méje, lórí ọjà kan ṣoṣo, sí ìlú tí a lè fi ọjà ránṣẹ́ sí. Ní Google, kí a yọ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa aṣọ láró fi ń wá nǹkan kúrò nínú ìpolówó. Wọ́n á tẹ ìpolówó náà, ọlọ́jà á san owó rẹ̀, wọn kò sì ní ra nǹkan kan.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a fi fóònù tí kò wọ́n ra ọjà kan lórí ìkànnì náà, lórí dátà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aṣọ tó bá ti tán, kí a má pa ojú-ewé rẹ̀ rẹ́. Kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti tán, kí a sì fi èyí tó jọ ọ́ hàn, torí ìjápọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú WhatsApp àwọn ènìyàn.