Bí ọ̀dà bá ṣí lára bàálù, ṣé ewu ni?

Ìròyìn méjì ló gbé ọ̀rọ̀ ọ̀dà ara bàálù dé ẹnu gbogbo ènìyàn lọ́dún 2023. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Qatar Airways àti Airbus tó ń ṣe bàálù parí ẹjọ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn fà ní London lórí ọ̀dà tó ń ṣí lára bàálù A350. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, bàálù kan tí wọ́n kọ “Nigeria Air” sí lára, ìyẹn orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba Nàìjíríà fẹ́ dá sílẹ̀, gúnlẹ̀ sí Àbújá. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn, àfi bó ṣe padà sí Ethiopia tó ti wá. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń wọlé, mo sì mú wọn ní ọ̀kúnkúndùn, nítorí ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù kò léwu, ohun tó léwu gan-an kò sì bà wọ́n lẹ́rù.

Ṣebí kí bàálù lè rẹwà ni wọ́n ṣe ń kùn ún?

Ẹwà wà nínú ẹ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ rí játijàti ní pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n aṣọ ni ọ̀dà jẹ́ fún bàálù kó tó di ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ wo bàálù tó gbéra ní Ìkẹjà lọ́sàn-án gangan, tí páànù ara rẹ̀ gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣe é gbé lé e. Kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi wà níbi tí òtútù ti lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 50 nísàlẹ̀ òdo. Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kí èrò lè rí èémí mí, ara rẹ̀ á wú díẹ̀. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, á tún sún kì. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, nínú òjò, nínú eruku ọyẹ́, nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti òkun wá. Ọ̀dà tí a fi ń kun ilé kò lè fara da èyí, yóò sán ni.

Ìpele mẹ́ta ló sábà máa ń wà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀dà ìpìlẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè. Òun ló ń dáàbò bo alumíníọ̀mù kí omi àti iyọ̀ má baà jẹ ẹ́. Àwọ̀ tí ẹ ń fojú rí ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni èyí tó mọ́ gaara, tó ń dán, tó ń gba ìyà oòrùn. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò nípọn tó káàdì ATM.

Ṣé ó wúwo?

Ó wúwo. Ọ̀dà ara Boeing 747 kan tó nǹkan bí 250 kílò, ìyẹn àgbàlagbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, epo sì ni wọ́n fi ń gbé e káàkiri. Ìdí nìyí tí American Airlines fi ń jẹ́ kí alumíníọ̀mù ara ọkọ̀ rẹ̀ máa dán bíi dígí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkùn ún. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ló yí padà. Lára ìdí rẹ̀ ni pé bàálù tuntun bíi Boeing 787 kì í ṣe alumíníọ̀mù, ara rẹ̀ kò sì ṣe é nù kó dán.

Kí ló dé tí funfun fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Funfun kì í fa ooru mọ́ra, kì í tètè ṣá, ó sì ń jẹ́ kí ẹnjiníà tètè rí epo tó ń jò tàbí ibi tó sán. Fún Concorde, bàálù èrò tó fò kẹ́yìn lọ́dún 2003, ọ̀ràn dandan ni, torí eré tó ń sá jẹ́ ìlọ́po méjì eré ohùn, ara rẹ̀ sì máa ń gbóná gan-an. Nígbà tí wọ́n kun ọ̀kan ní búlúù láti fi polówó Pepsi lọ́dún 1996, wọ́n fi ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun, wọ́n sì pàṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ fi eré yẹn rìn ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Kí wá ni Qatar Airways àti Airbus ń jà lé lórí?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí, nítorí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ pọ̀ sí jù.

Ní ọdún 2020, wọ́n gbé A350 kan lọ kí wọ́n lè kùn ún ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ nítorí ìdíje ife àgbáyé 2022 tí Qatar fẹ́ gbàlejò. Nígbà tí wọ́n bó ọ̀dà àtijọ́, wọ́n rí i pé ojú ara ọkọ̀ náà ti sán, ó sì ti bó láwọn ibì kan. Wọ́n yẹ àwọn yòókù wò, wọ́n tún rí irú rẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Qatar ní kí àwọn tó bá ní irú àpá bẹ́ẹ̀ má fò mọ́; nígbà tó yá, èyí tó wà nílẹ̀ lé ní ogún. Ní oṣù Kejìlá 2021, Qatar Airways gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ gíga ní London, owó gbà-má-bínú tó sì béèrè ju 600 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Airbus náà gbẹ̀san: ní oṣù kìn-ín-ní 2022, ó fagi lé bàálù A321neo 50 tí Qatar ti ní kó ṣe fún òun.

Kí ló wà lábẹ́ ọ̀dà tó tó owó bẹ́ẹ̀? Ó ju ìdajì ara A350 lọ tí wọn ò fi irin ṣe. Okùn kábọ̀nù ni, tó tín-ín-rín ju òwú lọ, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle dì pọ̀, tí wọ́n wá yan nínú ààrò títí ó fi le koko. Ó fúyẹ́, ó lágbára, kì í dípẹtà. Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀: alumíníọ̀mù máa ń gbé iná kọjá wẹ́rẹ́, kábọ̀nù kì í gbé e dáadáa. Bẹ́ẹ̀ mànàmáná máa ń kọ lu bàálù. Wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá kọ lu alumíníọ̀mù, iná á gba ojú rẹ̀ kọjá, á sì jáde. Kí kábọ̀nù náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń tẹ́ bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rí bí àwọ̀n ẹja sí i lára kí wọ́n tó kun ọ̀dà.

Bàbà yìí ló fa wàhálà. Ó máa ń wú bó bá gbóná, á sún kì bó bá tutù. Kábọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú rẹ̀. Ọ̀dà wà lórí àwọn méjèèjì, wọ́n ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ó fi sán. Airbus ní ọ̀rọ̀ ojú ara lásán ni. Qatar ní bàbà náà ti hàn síta, ó ti ń bàjẹ́, òun kò sì lè kó èrò sínú ọkọ̀ tí òun kò mọ bí yóò ṣe ṣe bí àrá bá sán lù ú. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, kò sí ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi. Wọ́n fẹnu kò lórí bí àwọn bàálù náà yóò ṣe gba àtúnṣe, A321neo náà sì padà sínú ìwé àdéhùn.

Ṣé A350 wá léwu láti wọ̀ ni?

Rárá. EASA, àjọ tó ń rí sí ààbò bàálù ní Yúróòpù, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó ní ohun tí òun rí kò ba ààbò ọkọ̀ jẹ́. Síbẹ̀, èmi kò dá Qatar lẹ́bi pé ó béèrè. Ẹni tó ń gbé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí tí aṣọ fi ya.

Mo rí téèpù fàdákà lára ìyẹ́ bàálù. Ṣé wọ́n ti ń fi sẹ́lótéèpù tún bàálù ṣe ni?

Kì í ṣe sẹ́lótéèpù. Alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ ni, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fara da òtútù, ooru àti eré. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí ẹni tó ṣe bàálù kọ ló ń sọ ibi tí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọn kì í fi so ohun tó ti kán. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí ẹ ń pín kiri jẹ́ ti Boeing 787. Oòrùn ń gba inú ọ̀dà funfun orí ìyẹ́ rẹ̀ kọjá dé ọ̀dà ìpìlẹ̀, ọ̀dà á wá máa ṣí bí èèpo. Wọ́n á fi téèpù bo ibẹ̀ kí oòrùn má baà ba kábọ̀nù tó wà nísàlẹ̀ jẹ́, títí ọkọ̀ náà yóò fi wọ ilé ọ̀dà.

Kí ló dé tí “Nigeria Air” fi lọ tí kò padà? Ṣebí orúkọ wa wà lára ẹ̀.

Orúkọ wa wà lára ẹ̀, ọkọ̀ kì í ṣe tiwa. Boeing 737 tó jẹ́ ti Ethiopian Airlines ni. Nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, adelé ọ̀gá àgbà Nigeria Air sọ fún ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin pé ṣe ni àwọn háyà rẹ̀ láti fi àwọ̀ àti àmì ilé iṣẹ́ náà han aráyé. Nígbà tí mínísítà tuntun fún ìrìnnà òfurufú, Festus Keyamo, dé orí àlééfà, ó dá iṣẹ́ náà dúró.

Ọ̀pọ̀ bínú, mo wà lára wọn. Ẹni tó bá dàgbà tó láti rántí Nigeria Airways, tó kógbá sílé lọ́dún 2003, mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí ènìyàn bá wà nílẹ̀ òkèèrè tó wá rí ewé àti funfun ní ìrù bàálù. Bí ọ̀dà ṣe lágbára tó nìyẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó láti kun bàálù. Ìwé àṣẹ tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, fi ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ máa kó èrò ní tirẹ̀ ní ìpele márùn-ún, ilé iṣẹ́ náà kò sì tíì gba ìwé yẹn lọ́jọ́ tí bàálù náà gúnlẹ̀ sí Àbújá.

Kí ẹ má baà ṣìnà lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má wo ìrù nìkan. Ẹ wo nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ bàálù lápá ẹ̀yìn. Ti Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti Benin pẹ̀lú TY, ti Togo pẹ̀lú 5V, ti Bìrìtìkó pẹ̀lú G, ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú N. Nọ́ḿbà yìí kò sọ ẹni tó ni ọkọ̀ o. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ń sọ. Lára bàálù ọjọ́ yẹn, ET ló wà níbẹ̀, ìyẹn Ethiopia. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ń wò ti mọ òótọ́ kí èrò tó bọ́ sílẹ̀.

Ṣé wọn kì í fi ọ̀dà bo àbùkù mọ́lẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò tòkunbọ̀?

Ìbéèrè gidi nìyí. Ní ti bàálù, ìgbà tí wọ́n fẹ́ kùn ún lákọ̀tun gan-an ni àbùkù ń jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ bó èyí tó wà níbẹ̀, kẹ́míkà ni fún alumíníọ̀mù, sáńpépà ni fún kábọ̀nù, torí kẹ́míkà lè jẹ gọ́ọ̀mù tó dì í pọ̀. Ẹnjiníà á wá yẹ ìhòòhò rẹ̀ wò kí ọ̀dà tuntun tó kàn án. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 1988, apá kan òrùlé Boeing 737 ti Aloha Airlines ya dànù lójú òfurufú ní Hawaii, òṣìṣẹ́bìnrin inú ọkọ̀ kan sì bá a lọ. Ìpẹtà àti àárẹ̀ irin ti wọ ojú ibi tí páànù ti gun orí ara wọn, àyẹ̀wò kò sì rí i. Ẹ̀rù ohun tó fara pamọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń bà mí, kì í ṣe ti ọ̀dà tó ṣí tí gbogbo ayé ń rí.

Kí wá ló yẹ ká bẹ̀rù nínú iṣẹ́ ọ̀dà àti fífọ bàálù?

Ohun tí wọ́n gbàgbé sí ara rẹ̀. Àwọn ihò kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, tí kò ju ihò ike iyọ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ni àwọn aago inú ọkọ̀ fi ń mọ bí bàálù ṣe ga tó àti bó ṣe ń sáré sí. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ ọkọ̀ tàbí kùn ún, wọ́n á bo àwọn ihò yìí kí omi tàbí ọ̀dà má baà wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 1996, Aeroperú 603 gbéra lóru ní Lima, ó ń lọ sí Santiago ní Chile. Wọ́n ti fọ ọkọ̀ náà. Téèpù tí wọ́n fi bo ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i, títí kan awakọ̀ tó yí ọkọ̀ náà ká. Bí wọ́n ṣe dé òkè, aago ń parọ́: ó ń sọ pé wọ́n ga nígbà tí wọ́n ti sún mọ́ omi, ó ń ké pé eré pọ̀, ó tún ń ké pé eré kéré. Òkun dúdú ló wà nísàlẹ̀, kò sí iná tí wọ́n lè fi ojú wọ̀n. Àádọ́rin ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Nítorí èyí, téèpù tàbí ìbò tí àwọ̀ rẹ̀ ń ké rara ló yẹ kí wọ́n máa lò níbẹ̀, kí wọ́n sì máa kà wọ́n bí wọ́n bá ti yọ wọ́n.

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo rí ibi tí ọ̀dà ti ṣí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi han òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Kò sí ẹni tó máa bú yín. Bó bá jẹ́ irin tó gbé sókè, ìdè tó yọ, tàbí omi tó ń ṣàn lẹ ń rí, ẹ tẹnu mọ́ ọn.

Ọmọ mi ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kíkùn bàálù. Ó ti ń kun mọ́tò tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ gidi ni, ó sì lérè. Ohun tó mọ̀ lára mọ́tò á ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ní imú bàálù, níbi tí rédà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ níwájú, ń gbé, bí ọ̀dà bá nípọn jù tàbí tó ní irin nínú, rédà ò ní ríran dáadáa. Àwọn ìyẹ́ kékeré tó ń yí bàálù sọ́tùn-ún sósì ńkọ́? Bí wọ́n bá kùn wọ́n tán, ìwúwo wọn ti yí padà. Bí wọn ò bá tún un wọ̀n, wọ́n lè máa gbọ̀n lójú òfurufú débi tí wọ́n á fi ya.

Ìyá tàbí bàbá tó béèrè yìí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà ìpìlẹ̀ bàálù ní oríṣi króómù kan tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Kẹ́míkà tó ń mú ọ̀dà òkè le lè fún ènìyàn ní ikọ́ fée títí ayé. Aṣọ tí a so mọ́mú kò lè dá a dúró. Kó tó gba iṣẹ́ níbikíbi, kó ní kí wọ́n fi ìbòjú tó ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti ìta han òun, àti fáànù tó ń fa èéfín jáde nínú ilé ọ̀dà. Bí wọn ò bá ní méjèèjì, kó má wọlé.