Beur: ẹnà tí àwọn ọmọ Lárúbáwá ilẹ̀ Faransé fi pe ara wọn

Ẹni tó bá fọ ẹnà rí nígbà èwe ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Bí a kò bá fẹ́ kí àgbà gbọ́ ohun tí à ń sọ, a ó máa ki sílébù bọ ọ̀rọ̀ láàárín: "wá" á di "wágá", "lọ" á di "lọgọ". Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Faransé náà ní tiwọn. Tiwọn kì í ki nǹkan bọ̀ ọ́. Ńṣe ni wọ́n ń gbé ìdí ọ̀rọ̀ ṣorí. Verlan ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọ̀hún pàápàá sì jẹ́ ẹnà: l'envers, tó túmọ̀ sí "òdì", ni wọ́n yí padà. Femme, obìnrin, di meuf. Noir, aláwọ̀ dúdú, di renoi.

Bẹ́ẹ̀ ni Arabe, Lárúbáwá, ṣe di beur. Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Lẹ́nu ọmọ ìgboro, a-ra-beu ni. Yí i padà, ó di beu-ra-a. Bí ẹnu bá yá, ìdí rẹ̀ á gé kúrò, beur á ṣẹ́ kù.

Kí ló dé tí èèyàn á fi yí orúkọ ara rẹ̀ sódì? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Faransé ṣàkóso Àlgéríà láti 1830 títí di 1962. Tùnísíà àti Mòrókò náà wà lábẹ́ rẹ̀ títí di 1956. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ ọkọ̀, ibi ìwakùsà àti ibi ìkọ́lé ń wá òṣìṣẹ́, àwọn ọkùnrin Àríwá Áfíríkà sì wá. Wọ́n rò pé àwọn á ṣiṣẹ́ díẹ̀, àwọn á padà sílé. Ní 1974, ìjọba dá gbígba òṣìṣẹ́ tuntun dúró. Ẹni tó bá lọ sílé lè má rọ́nà wọlé mọ́, nítorí náà wọ́n jókòó, wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó àtọmọ.

Inú àwọn ilé alájà gíga tó wà lẹ́yìn ìlú, tí wọ́n ń pè ní cité, ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti dàgbà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Faransé láti 1963, tí wọ́n bí òbí rẹ̀ ní Àlgéríà kí òmìnira tó dé, ọmọ Faransé ni lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, torí pé nínú òfin, ilẹ̀ Faransé ni Àlgéríà jẹ́ nígbà náà. Àmọ́ lẹ́nu ọlọ́pàá, lẹ́nu onílé tó ń háyà yàrá, "Arabe" ni. Ogun Àlgéríà, tí wọ́n jà láti 1954 sí 1962, ti fi èébú sínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá sì dé abúlé bàbá rẹ̀ fún ìsinmi, àwọn ará ibẹ̀ á ní àjèjì dé.

Beur wá yọ wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló dá a, wọn ò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ rédíò sílẹ̀ ní Paris ní 1981, Radio Beur ni wọ́n pè é.

Ọdún 1983 ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo ilẹ̀ Faransé. Lóṣù kẹfà, ní Les Minguettes lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Lyon, ọlọ́pàá yìnbọn lu Toumi Djaïdja, ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ gba ọmọ kan lẹ́nu ajá wọn. Lórí ibùsùn ọsibítù ni òun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti Christian Delorme, àlùfáà Kátólíìkì, ti gbà pé àwọn ò ní ju òkúta, àwọn ò ní dáná sun mọ́tò. Ẹsẹ̀ làwọn máa fi rìn, bí Gandhi àti Martin Luther King ti ṣe. Ọ̀wọ́ kékeré ló gbéra ní Marseille ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. Wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tí àwọn kan lu Habib Grimzi, ọmọ Àlgéríà, nínú ọkọ̀ ojú irin tó kúrò ní Bordeaux, tí wọ́n sì jù ú síta nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ó kú. Àwọn arìnrìn náà kò dúró. Lọ́jọ́ 3 oṣù kejìlá, nígbà tí wọ́n wọ Paris, èrò tó wà lẹ́yìn wọn lé ní 100,000. Ààrẹ François Mitterrand gbà wọ́n lálejò, ó ṣèlérí ìwé ìgbélùú ọlọ́dún mẹ́wàá fún àwọn àjèjì, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1984.

Ìrìn fún Ìdọ́gba àti Lòdì sí Ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni orúkọ tí àwọn tó rìn fún un. Marche des Beurs, Ìrìn àwọn Beur, ni àwọn oníròyìn pè é. Ó ń dùn mí. Ohun tí wọ́n bèèrè fún gbogbo aráàlú, wọ́n sọ ọ́ di ẹjọ́ ẹ̀yà kan. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tó dá a, tó di ti olóṣèlú àti tẹlifíṣàn.

Ní 1998, nígbà tí Faransé gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, tí Zidane fi orí kan bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n Brazil, "black-blanc-beur" ni wọ́n ń kọ kiri: dúdú, funfun, beur. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ ẹni tó pín orúkọ yẹn kò wolé Zidane. Kabylia, agbègbè olókè kan ní Àlgéríà, ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Amazigh ni wọ́n, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ní Àríwá Áfíríkà, èdè wọn kì í sì í ṣe Lárúbáwá. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n ń pè ní Lárúbáwá ní Faransé. Ẹ rántí pé ní Abidjan, Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa, ì báà ṣe Ọ̀yọ́, ì báà ṣe Ìjẹ̀ṣà.

Ti àwọn obìnrin ló burú jù. Beurette, tí wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta fíìmù ìhòòhò, ó sì ti di èébú. Ẹ má fi pe ọmọ ẹnikẹ́ni.

Kí làwọn ọ̀dọ́ wá ṣe? Wọ́n tún ẹnà fọ̀. Wọ́n mú beur, wọ́n tún un yí lẹ́ẹ̀kejì, ó di rebeu. Orúkọ àtijọ́ ṣì wà lára Beur FM, rédíò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà cité, rebeu ló máa pè é.