Bí Òkìtì Ajílẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Kò sí ẹnì kan tó lè jáde wá sọ pé òun lòun dá òkìtì ajílẹ̀ sílẹ̀. Kí ènìyàn tó mọ oko dídá ni ewé ti ń bọ́ nínú igbó, tó ń jẹrà fúnra rẹ̀, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ń dúdú mìnìjọ̀. Àgbẹ̀ rí i, ó kó ewé, koríko àti ìgbẹ́ ẹran jọ sójú kan, ó sì ní sùúrù fún un. Àmọ́ ọ̀nà jìn láti orí kí nǹkan kàn máa jẹrà ní kọ̀rọ̀ ọgbà dé orí ìlànà tí àwa ọlọ́gbà ń tẹ̀ lé lónìí: ká tò ó ní ìpele-ìpele, ká wọ́n omi sí i, ká máa tú u kó, kó sì di ajílẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Orúkọ Albert Howard, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ni wọ́n sábà máa ń dá tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ọ̀nà yìí. Ìyìn tọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló rìn ín.

Àwọn ará Róòmù ti kọ nípa rẹ̀ láyé àtijọ́. Ní nǹkan bí ọdún 160 ṣáájú ìbí Jésù, Cato kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ oko. Ó gba àgbẹ̀ níyànjú pé kó ní òkìtì ìgbẹ́ ńlá, ó sì ka ohun tí wọ́n lè fi ṣe ajílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: koríko gbígbẹ, ìyàngbò, pòpórò ẹ̀wà, ewé igi óákù. Columella, tó kọ tirẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Jésù, tún tẹ̀ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòtò méjì ló ní kí àgbẹ̀ gbẹ́. Ọ̀kan yóò máa gba ìdọ̀tí tuntun fún odindi ọdún kan. Inú èkejì, tí tirẹ̀ ti jẹrà tán, ni wọn yóò ti máa bù lọ sí oko. Ó ní kí ìsàlẹ̀ kòtò náà dagẹ̀ẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ilẹ̀ rẹ̀ kó le, kí omi má baà jò lọ, nítorí pé ajílẹ̀ tó bá gbẹ á pàdánù agbára rẹ̀. Ọlọ́gbà tó bá ní àpótí ajílẹ̀ méjì lẹ́yìn ilé rẹ̀ lónìí, iṣẹ́ Columella ló ń ṣe, bí kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ní ìhà Ìlà-oòrùn Éṣíà, wọn ò tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà jáfara rárá. Lọ́dún 1909, F. H. King, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìmọ̀ ilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, rìn káàkiri Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáànù. Ó rí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko lé lórí láti ọdúnmọ́dún, tó sì ṣì ń so. Ó rí àwọn àgbẹ̀ tó ń gbọ́n ẹrẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò, tí wọ́n ń pò ó mọ́ ewé tútù kó lè jẹrà pa pọ̀. King kú lọ́dún 1911. Carrie, ìyàwó rẹ̀, ló gbé ìwé tó kọ lórí ìrìn àjò náà jáde.

Ní gbogbo àkókò yìí, nǹkan mìíràn ti ń dìde nílẹ̀ Yúróòpù. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jámánì, ti kọ ìwé lọ́dún 1840 láti fi hàn pé àwọn èròjà inú ilẹ̀ ni irúgbìn ń jẹ. Lọ́dún 1909, Fritz Haber, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jámánì bíi tirẹ̀, rí ọgbọ́n dá sí náítírójìn inú afẹ́fẹ́ láti sọ ọ́ di amóníà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, Carl Bosch sì sọ ọgbọ́n náà di iṣẹ́ ńlá: ilé iṣẹ́ tó wà ní Oppau, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1913. Bí ajílẹ̀ oníkẹ́míkà inú àpò ṣe dé nìyẹn. Mi ò ní bú u, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹun nípasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wo òkìtì ajílẹ̀ bí ohun àwọn ará àtijọ́. Ó wá di dandan kí ẹnì kan gbèjà rẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Albert Howard, ọmọ Shropshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí lọ́dún 1873. Lọ́dún 1905 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á síṣẹ́ ní Pusa, ní Íńdíà. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Gabrielle Matthaei, onímọ̀ ewéko tó ti ṣe ìwádìí tó ní láárí ní Cambridge kó tó mọ ilé ọkọ. Tọkọtaya yìí jọ ṣiṣẹ́, wọ́n jọ kọ̀wé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Howard kọ ọ́ pé àwọn àgbẹ̀ ìbílẹ̀ àti kòkòrò tó ń ba irúgbìn jẹ́ ni òun fi ṣe olùkọ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀: ó kọ́kọ́ wo bí àwọn onílẹ̀ ṣe ń ṣe é ná.

Láti 1924 títí di 1931, ó darí ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn ní ìlú Indore, ní Íńdíà. Òwú ni irúgbìn ibẹ̀, pòpórò òwú sì le bí igi, kì í tètè jẹrà. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé wọ́n tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà oko. Ẹsẹ̀ màlúù àti àgbá kẹ̀kẹ́ ẹrù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tó fi rún wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ kòtò tí kò jìn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, wọ́n á tò ó sínú rẹ̀: ìpele pòpórò àti koríko, ìpele ìgbẹ́ màlúù, eérú igi, àti erùpẹ̀ tí wọ́n wà láti ilẹ̀ ibùso tí ìtọ̀ ẹran ti mù. Wọ́n á wọ́n omi sí i. Wọn ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń tú u kó, nígbà tó bá sì fi máa tó oṣù mẹ́ta, ó ti pọ́n. Lásìkò òjò, orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ń kó òkìtì náà sí, kí omi má baà mù ún.

Lọ́dún 1931, ìwé tó ṣàlàyé ìlànà Indore yìí jáde. Orúkọ méjì ló wà lára rẹ̀: Howard àti Yeshwant Wad, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Íńdíà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Gabrielle ti kú lọ́dún 1930, kò fojú rí i. Gabrielle àti Wad yìí ni ìtàn máa ń fò dá, bẹ́ẹ̀ sì ni láìsí wọn, n ò rí bí iṣẹ́ náà ì bá ṣe dé ibi tó dé.

Àwọn mìíràn gbé e dé ọgbà ilé. Eve Balfour, obìnrin àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Haughley lọ́dún 1939, ó sì wà lára àwọn tó dá Soil Association, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà oko dídá láìlo ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, sílẹ̀ lọ́dún 1946. Ní Amẹ́ríkà, J. I. Rodale ka iṣẹ́ Howard, ó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ lọ́dún 1942 láti máa kọ́ àwọn ọlọ́gbà.

Ìgbà tó di nǹkan bí ọdún 1950 lọ sókè ni àwọn olùwádìí Yunifásítì California wá ṣàlàyé ohun tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fọwọ́ wọ̀n. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú òkìtì nílò kábọ̀nì bí ìlọ́po 30 náítírójìn. Ewé gbígbẹ àti pòpórò ló ní kábọ̀nì. Koríko tútù, èèpo èso àti ìgbẹ́ ẹran ló ní náítírójìn. Tí tútù bá pọ̀ jù, òkìtì á máa rùn bí ìtọ̀. Tí gbígbẹ bá pọ̀ jù, kò ní gbóná. Èyí tó bá bára mu, tí afẹ́fẹ́ sì ń wọ̀ ọ́, lè gbóná kọjá 55°C, ooru yẹn ló sì ń pa ọ̀pọ̀ èso èpò àti kòkòrò àrùn. Ẹ tún wo ohun tí Cato kà sílẹ̀, ẹ wo ìpele Indore: tútù àti gbígbẹ ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ekòló náà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Wọ́n ní ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un, Charles Darwin sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé rẹ̀ láti wo bí ilẹ̀ ṣe ń lanu ọ̀hún. Ó gbé ìkòkò ekòló sórí dùùrù, ó tẹ dùùrù náà, ó rí i pé wọ́n sá wọlẹ̀: wọn ò gbọ́ràn, àmọ́ wọ́n ń mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan bá gbọ̀n. Nínú ìwé rẹ̀ ọdún 1881, ó ṣírò pé ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ tó ju tọ́ọ̀nù 10 lọ ní éékà kan ló ń gba inú ekòló kọjá lọ́dọọdún. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 1982, Mary Appelhof, olùkọ́ ìmọ̀ ohun abẹ̀mí ní Michigan, tẹ ìwé jáde tó kọ́ àwọn tí kò ní ẹ̀yìnkùlé bí wọ́n ṣe lè fi ekòló pupa sọ èèpo ilé ìdáná di ajílẹ̀ nínú àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ gbẹ́ ekòló inú ilẹ̀ jíjìn wá. Irú ìyẹn nílò ilẹ̀ láti máa lu ihò, kì í pẹ́ kú nínú àpótí. Èyí tó máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹran àti ewé tó ń jẹrà ní òkè ilẹ̀ ló lè gbé inú àpótí.