Ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹṣin lásìkò ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn

Ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹṣin lásìkò ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn ni kí ara ẹṣin dẹ̀, kó máa mí dáadáa, kí ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó gùn ún. Ó yàtọ̀ sí ìdákẹ́ lásán. Ẹṣin tí jìnnìjìnnì bò lè dúró gbagidi bí igi, kó sì ṣàdédé fò sókè. Irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ jù.

Ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ààbò rẹ̀: á kọ́kọ́ sá ná, kó tó wẹ̀yìn wo ohun tó dẹ́rù bà á. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, ó sì ń rí nǹkan yí ara rẹ̀ ká ní ìwọ̀n bíi dígírì 350. Ọ̀gangan iwájú orí àti ẹ̀yìn ìrù nìkan ni kò rí. Ọ̀rá tí atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́bàá ọgbà, tí ẹlẹ́ṣin kò tíì fiyè sí, ó ti rí i. Ojú rẹ̀ kì í sì í tètè mọ́ òkùnkùn lára bó bá ń ti inú oòrùn bọ̀. Ẹṣin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ lè má ya olóríkunkun rárá. Ó lè jẹ́ pé ó ń dúró kí ojú rẹ̀ ríran ni.

Ìrora ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Gàárì tó ń fún un léjìká, eyín mímú tó ń gún un lẹ́rẹ̀kẹ́, tàbí ẹ̀yìn dídùn á máa mú un ju ìrù kiri, kó máa kọ ìjánu, kò sì sí ẹ̀kọ́ tó lè wo ìyẹn sàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹṣin tí wọ́n sé mọ́lé tọ̀sán-tòru, tó ń jẹ ọkà púpọ̀ tí kò sì ṣiṣẹ́. Kí a tó gùn ún, ó dára ká fi ìka họ ọ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin máa ń fi eyín họ fún ara wọn, ìwádìí sì ti fi hàn pé bí a bá họ ibẹ̀, lílù ọkàn wọn máa ń rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó wà lórí gàárì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Bí ẹṣin bá ń sinmi, ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ìwádìí kan tó jáde láti Sweden ní ọdún 2009, wọ́n ní kí àwọn èèyàn fa ẹṣin tàbí kí wọ́n gùn ún láti ibì kan dé ibòmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n sì sọ fún wọn pé ní ìgbà kẹrin, ẹnì kan yóò ṣí agboòrùn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ẹnikẹ́ni kò ṣí agboòrùn. Síbẹ̀ ọkàn àwọn èèyàn náà yára, ti ẹṣin náà sì yára, ẹṣin tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mí kanlẹ̀, kó dẹ èjìká àti itan, kó tó ṣe ohunkóhun pẹ̀lú ìjánu.

Etí ẹṣin ló ń sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Etí kan tó yí sẹ́yìn ń gbọ́ ti ẹlẹ́ṣin. Bí méjèèjì bá nà ṣánṣán sí òkèèrè, ó ti rí nǹkan mìíràn. Àsìkò tó láti fún un níṣẹ́ kékeré nìyẹn: kó yí òbírí tó fẹ̀ tó mítà 20, kó kúrò nínú ìrìn bọ́ sí ìsáré díẹ̀, kó tún padà sí ìrìn. Bí ẹlẹ́ṣin bá fa okùn ìjánu tí ẹṣin sì gbà, kí ọwọ́ tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìtúsílẹ̀ yẹn ló fi ń mọ̀ pé ohun tó ṣe tọ́. Ọwọ́ tí kì í tú ń kọ́ ẹṣin láti kọtí ikún.

Bó bá ta gìrì, pàṣán kọ́ ló kàn, nítorí ohun tó bà á lẹ́rù yóò wá di ohun tó ń dùn ún pẹ̀lú. A lè yí orí rẹ̀ díẹ̀ kúrò lára nǹkan náà, ká gba ọ̀nà jíjìn kọjá, ká sì máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ẹṣin àgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ níwájú wúlò púpọ̀: ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, òun náà ló sì ń wò dúró.

Bí ara rẹ̀ bá ti dẹ̀, á rẹ orí sílẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn jáde nímú. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ máa ń parí ẹ̀kọ́ níbẹ̀, kódà bí àkókò bá ṣì kù: akẹ́kọ̀ọ́ á jẹ́ kí okùn ìjánu gùn, ẹṣin á na ọrùn sísàlẹ̀, wọ́n á sì máa rìn jẹ́jẹ́ títí mímí rẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò.