Ipa àfojúsùn nínú kíkọ́ ọgbọ́n eré ìdárayá tuntun

Àfojúsùn nínú eré ìdárayá ni ohun tí ẹni tó ń kọ́ eré kan pinnu pé òun gbọ́dọ̀ lè ṣe kí àkókò kan tó pé. Àbá tí Edwin Locke, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1968 ni ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ó ní àfojúsùn tó ṣe pàtó, tó sì le díẹ̀, ń mú èèyàn ṣe dáadáa ju kí wọ́n kàn sọ fún un pé kó gbìyànjú lọ. Lọ́dún 1985, òun àti Gary Latham, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mú àbá náà wọ inú eré ìdárayá.

Lórí pápá, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn. Nínú àwọn ìwádìí kan, àwọn tí wọn kò fún ní iye kankan láti lépa ṣe bíi ti àwọn tí wọ́n fún, bóyá nítorí pé èèyàn sábà máa ń dá àfojúsùn tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́kàn.

Irú àfojúsùn tó jẹ́ ló ṣe pàtàkì jù. Àfojúsùn èsì ń wo ẹni tó borí tàbí iye bọ́ọ̀lù tó wọlé. Àfojúsùn ọ̀nà ìṣe ń wo bí ara ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, tó sì pinnu pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá gbọ́dọ̀ wọlé, agbọ̀n nìkan ni yóò máa wò. Agbọ̀n á jẹ́ kó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kò wọlé. Kò ní sọ fún un pé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló yà síta.

Àwọn olùwádìí méjì, Barry Zimmerman àti Anastasia Kitsantas, fi eré dáàtì, ìyẹn jíju ọfà kékeré sára pátákó, yẹ èyí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1997. Àwọn kan ń lépa máàkì nìkan, àwọn kan gbájú mọ́ ìgbésẹ̀ jíjù, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀, wọ́n wá yí sí máàkì nígbà tó ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tó yí i padà yìí ló ṣe dáadáa jù. Àwọn tó ń lépa máàkì láti ìbẹ̀rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Kíkọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ náà tún ràn wọ́n lọ́wọ́.

Bí àfojúsùn bá ju agbára lọ, ara á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹni tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, tó ń bá aago sáré, á máa gbé orí sókè kó lè tètè mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rì, omi á sì máa fà á sẹ́yìn. Kódà bó bá bá aago náà, àṣìṣe yẹn ló ń mọ́ ọn lára.

Bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tún lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí Gabriele Wulf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1998, lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi yíyọ̀ lórí yìnyín, àwọn tó fọkàn sí táyà ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n ju àwọn tó fọkàn sí ẹsẹ̀ ara wọn lọ.