Omi Tó Mọ́ Gaara Kò Tíì Jàre

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àmọ́ kò tíì sú àwọn tó ń sọ ọ́. Wọlé-wọlé á dé ìdí kànga tàbí ẹ̀rọ omi kan, á ní kí wọ́n tì í pa títí èsì àyẹ̀wò yóò fi jáde. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ẹnìkan á ti bu omi sínú ife gíláàsì, á gbé e sókè kí oòrùn tàn sí i: "Ẹ wò ó, ó mọ́ gaara. Kí lẹ tún ń wá?" Àwọn èrò á mi orí. Láti ìgbà náà lọ, wọlé-wọlé ló di ọ̀daràn. Omi ti jàre.

Pé kòkòrò àìfojúrí ń gbé inú omi, n kò ní fi àsìkò ṣòfò lórí ìyẹn. Orúkọ tí a fún un ti sọ ọ́ tán. Mílíọ̀nù kan E. coli, kòkòrò àìfojúrí tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, lè wà nínú mìlílítà omi kan ṣoṣo, kí omi náà sì tòrò níní. Bẹ́ẹ̀, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún omi mímu ni pé kí a má rí ẹyọ kan nínú 100 mìlílítà. Ẹ wá sọ fún mi ibi tí ojú ti fẹ́ bá wa dá sí i.

Gbólóhùn tó máa ń tẹ̀lé e gan-an ló ń bí mi nínú: "Ó pẹ́ tí a ti ń mu ún, kò ṣe wá ní nǹkan kan."

Báwo lẹ ṣe mọ̀? Mi ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Àrùn inú omi kì í jíṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kọ́lẹ́rà lè gba wákàtí díẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ 5. Táífọ́ọ̀dù sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní hepatitis A, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jà, lè fara pamọ́ fún ọjọ́ 15 sí 50. Ta ló rántí ife omi tó mu ní oṣù kan sẹ́yìn? Oúnjẹ àná la máa ń dá lẹ́bi, tàbí ojú ọjọ́, tàbí ẹni tó sè é. Ọmọ á yàgbẹ́ gbuuru, á gbádùn, á tún yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì sí ẹni tó máa wo apá ibi tí ìkòkò omi wà. Nítorí náà, "kò ṣe wá ní nǹkan kan" sábà máa ń túmọ̀ sí pé "a kò mọ ohun tó ṣe wá."

Ká tiẹ̀ gbà pé òótọ́ ni, pé omi náà kò pa ẹnikẹ́ni lára rí. Omi àná nìyẹn. Ojú kan náà ni kànga wà, àmọ́ omi inú rẹ̀ kò dúró sójú kan. Òjò ńlá kan ṣoṣo lè gbá ìgbẹ́ ẹran láti oko ìtòsí wọ inú ilẹ̀ títí dé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀ ní Walkerton, ìlú kékeré kan ní Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2000. Ìlú náà kò ju bí ènìyàn 4,800 lọ. Òjò rọ̀ léraléra, ìgbẹ́ màlúù wọ kànga kan nínú àwọn tó ń fún ìlú lómi. Ó lé ní 2,300 ènìyàn tó ṣàìsàn, 7 kú. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé àwọn tó ń bójú tó omi náà gbà lọ́kàn pé omi kànga wọn dára bó ṣe wà, àwọn fúnra wọn a sì máa mu ún láìfi chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí i. Àwọn náà ti ń mu ún tipẹ́. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Nígbà tí ẹ̀ka ìlera bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó omi náà ní ọjọ́ 19, ó ní omi kò ní àbùkù. Èsì àyẹ̀wò tó ní omi ti bàjẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ 17. Ní ọjọ́ 21, ẹ̀ka ìlera kò dúró dè é mọ́. Wọ́n kéde pé kí gbogbo ìlú máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Èsì àyẹ̀wò tiwọn kò tíì dé lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ti dúró kí ojú wọn rí nǹkan nínú ife, wọn ì bá ṣì wà lórí ìdúró.

Àìmọ̀ nípa àyẹ̀wò yìí gan-an náà ń dá kún ìjà. Kí E. coli tó hàn nínú láàbù, ó gbọ́dọ̀ dàgbà, ìyẹn sì máa ń gba bíi wákàtí 18 sí 24. Kí èsì tó jáde, ìlú ti mu omi náà, wọ́n ti tọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọlé-wọlé tó mọṣẹ́ fi máa ń bèèrè nípa chlorine lákọ̀ọ́kọ́, tó sì máa ń wo bí ṣáláńgá ṣe jìnnà sí kànga tó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wíwọn chlorine.

Dókítà John Snow pàápàá, tó ń wá ibi tí kọ́lẹ́rà ti ń wá ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1854, bu omi ẹ̀rọ ìfami àdúgbò Broad Street wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdọ̀tí tí òun rí kéré débi pé òun ṣiyèméjì. Nígbà tó ka àwọn òkú, tó sì bèèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ló tó dá a lójú. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án. (Ẹ má sọ pé ìyẹn ló lé kọ́lẹ́rà lọ o. Snow fúnra rẹ̀ gbà pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ nítorí àwọn ènìyàn ti sá kúrò ládùúgbò.)

N kò sọ pé gbogbo omi tó tòrò ló ní àrùn. Ọ̀pọ̀ ni kò ní. Omi mìíràn pọ́n nítorí irin inú ilẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ léwu. N kò sì sọ pé gbogbo ẹni tó gbé ìwé dání ló wá nítorí ìlera. Àwọn kan wà tí ẹ̀gúnjẹ gbé wá. Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba dé Walkerton lọ́dún 1998, wọ́n rí àléébù, wọn kò sì tẹ̀lé e títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ó ṣeé ṣe kí wọlé-wọlé tiyín náà ṣe àṣìṣe. Ìyẹn kò sọ ife gíláàsì di láàbù.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó hó yaya fún odidi ìṣẹ́jú kan. Álọ́ọ̀mù á jẹ́ kó tòrò, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti pa kòkòrò. Tó bá jẹ́ arsenic, májèlé kan tó ń ti inú ilẹ̀ wá, ló wà nínú rẹ̀, bí irú èyí tí wọ́n bá nínú omi kànga tó mọ́ gaara ní Bangladesh, síse kò lè yọ ọ́. Bí ẹni tó ń tọ́jú omi bá sì mú ìwé chlorine rẹ̀ jáde, ẹ ka nọ́ńbà inú rẹ̀ dáadáa. Ní Walkerton, 0.5 àti 0.75 (mìlígíráàmù chlorine nínú lítà omi kan) ló kún inú ìwé lójoojúmọ́. Lọ́pọ̀ ọjọ́, wọn kì í wọ̀n ọ́n; wọ́n kàn ń kọ ọ́ ni.