Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn ń gbé kiri

Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn ń gbé kiri jẹ́ ohun abẹ̀mí oní-sẹ́ẹ̀lì kan tí ojú lásán kò lè rí, tí ó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, tí eégbọn sì ń kó láti ara ẹran kan dé ara òmíràn. Àwọn tí a mọ̀ jù ni Babesia, Theileria àti Hepatozoon. Babesia ni èyí tí ẹ̀rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jù pé ó ń ṣe ènìyàn. Ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan ọdẹ, darandaran, alápatà, àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ àti ẹni tó bá ń sin ajá.

Ìtàn

Victor Babeș, ọmọ ilẹ̀ Romania, ló kọ́kọ́ rí Babesia nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ní 1888. Ní 1893, Theobald Smith àti Frederick Kilborne fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé eégbọn ló ń kó ibà màlúù tí wọ́n ń pè ní ibà Texas ràn. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, ìyìn tí a ń fún un kò sì tó: ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní 1897, ni Ronald Ross ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Ènìyàn àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé Babesia mú ni àgbẹ̀ kan nítòsí Zagreb ní 1957.

Inú eégbọn

Ẹbí àkéekèé àti aláǹtakùn ni eégbọn. Ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Bó bá mu ẹ̀jẹ̀ tó sì bọ́ awọ, ó di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Bí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ní Babesia, inú ikùn eégbọn ni kòkòrò náà ti ń gbára jọ, kí ó tó rìn lọ síbi tí itọ́ ti ń sun. Itọ́ yìí ni eégbọn ń tú sára ẹran tó bá tún bù jẹ. Babesia bigemina (B. bigemina ní ìkékúrú), tó ń da màlúù láàmú, tún ń wọ inú ẹyin eégbọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ eégbọn tí kò tíì fẹnu kan ẹ̀jẹ̀ rí ti lè ní àrùn lára. B. microti kì í gba inú ẹyin kọjá ní tirẹ̀. Òun ló wọ́pọ̀ jù lára ènìyàn ní Amẹ́ríkà, eku ìgbẹ́ ni ó sì fi ṣe ibùgbé.

Ẹranko ìgbẹ́ àti ajá

Ẹranko ìgbẹ́ sábà máa ń gbé kòkòrò yìí láìṣàìsàn. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ara ẹfọ̀n, ẹran ńlá inú igbó tó jọ màlúù, ni eégbọn ti ń kó Theileria parva ran màlúù, màlúù sì ń kú.

Ọ̀yà, tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, ní eégbọn tirẹ̀: Rhipicephalus simpsoni àti Ixodes aulacodi. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà lọ sára ẹlòmíràn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo eégbọn ara ẹran ìgbẹ́ ni a ó máa bẹ̀rù bákan náà. Ajá ọdẹ ló yẹ kí a fojú sí jù, nítorí ó ń wọ igbó, ó sì ń sùn ní àgbàlá. Eégbọn ajá, Rhipicephalus sanguineus, ń sá pamọ́ sínú ihò ògiri ilé, ó sì ń gbé B. vogeli. B. rossi le jù ú lọ fún ajá. Ní gúúsù Áfíríkà, ara ajáko ni ó ń gbé. A kò tíì ka méjèèjì mọ́ èyí tó ń mú ènìyàn.

Lára ènìyàn

Ibà, òtútù, òógùn, àìtó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ pupa àti ojú pípọ́n bí ìyeyè ni àmì àrùn Babesia. Ó ń le fún arúgbó, ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti dínkù, àti ẹni tí wọ́n ti yọ ẹ̀yà inú tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní apá òsì ikùn. Ó tún lè gba inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára wọlé, tàbí láti ara ìyá sí oyún.

Àyẹ̀wò ló gba ìṣọ́ra jù ní ìlú tí ibà ẹ̀fọn ti wọ́pọ̀. Lójú máíkírósíkóòpù, Babesia jọ òrùka bíi ti kòkòrò ibà, ó sì rọrùn kí a kọ "màléríà" sílẹ̀. Babesia kì í ní àwọ̀ ilẹ̀ tí kòkòrò ibà máa ń kó sínú. Nígbà mìíràn, mẹ́rin a so orí pọ̀ bí àgbélébùú nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Bí irú òrùka bẹ́ẹ̀ bá wà tí àyẹ̀wò ibà oníṣẹ́jú díẹ̀ kò sì rí nǹkan, ó yẹ kí a tún un wò.

Ìtọ́jú

Atovaquone pẹ̀lú azithromycin, tàbí clindamycin pẹ̀lú quinine, ni dókítà ń lò. Chloroquine kì í wò ó. Eégbọn tó bá lẹ̀ mọ́ni, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń dì í mú nítòsí awọ ara kí a tó fà á jáde tààrà, láìda kẹrosíìnì sí i, láì sì fi iná jó o.